Fíríìjì Tó Ṣófo Lè Se Ẹ̀wà

Adúmáadán ọmọ mi,

Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, ìyá mi kú kí n tó mọ ṣòkòtò wọ̀. Mo ru pákó títí irun àárín orí mi fi kọ̀ tí kò hù mọ́. Orí àpò ni mo ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, òjò ń rọ̀ lé mi lórí. Lónìí ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń la pákó, tèmi ni. Ọ̀gá Pákó ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Nítorí náà, tí mo bá sọ̀rọ̀ oúnjẹ, fetí sílẹ̀.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ jáde, kó máa ṣọ́ ọ wọlé. Ara ìyá rẹ le, ẹnu rẹ̀ sì le jù ú lọ.

Fóònù mi ti kú. Lọ́jọ́ tí a rí ojú rẹ nínú rẹ̀, mò ń se ẹ̀wà lọ́wọ́. Mo ní tí fóònù bá lè gbé ojú àti ohùn, òórùn àlùbọ́sà kò ní wúwo jù fún un. Ni mo bá gbé e sún mọ́ ẹnu ìkòkò kí òórùn náà lè dé ọ̀dọ̀ rẹ dáadáa. Ooru bò ó, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní omi ti wọ̀ ọ́ nínú. Mo ní kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀wà ni, kì í ṣe omi.

Ṣùgbọ́n kó tó dákẹ́, o ti sọ fún wa pé o ti jẹun yó. O wá ṣí fíríìjì láti bu omi mu, mo sì rí inú rẹ̀. Omi nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyá rẹ náà rí i. Kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà, ó ní ọ̀fun ń dun òun.

Ó dáa, gbọ́. Ra ẹ̀wà, ìrẹsì díẹ̀, àlùbọ́sà, òróró àti iyọ̀. Rẹ ẹ̀wà náà mọ́jú. Sè é kó hó dáadáa, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀, da ìrẹsì àti àwọn yòókù sí i, jẹ́ kó tún hó, dé e pa, kí o sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tòun tooru. Nígbà tí kẹrosíìnì wọ́n, inú àpótí tí lẹ́búlẹ́bú pákó kún inú rẹ̀ ni mo máa ń ri ìkòkò tèmi sí. Kí n tó la pákó tán, ẹ̀wà á ti jinná fúnra rẹ̀. Ìwọ ò ní àpótí, ṣùgbọ́n o ní fíríìjì. Mo wo ara rẹ̀, ó nípọn, ẹni tó kàn án mọṣẹ́. Yọ wáyà fíríìjì náà kúrò lára iná mànàmáná, kí ló tiẹ̀ ń mú tutù? Fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ìkòkò, gbé e sínú rẹ̀, tilẹ̀kùn.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ lórí ọ̀rọ̀ owó ni pé kí o má fi ránṣẹ́ sí wa mọ́. Mi ò mọ̀ pé inú ìkòkò rẹ lo ti ń bù ú fún wa. Ẹ̀rọ mi ń ṣiṣẹ́. Fi owó yẹn ra ẹ̀wà.

Wàá jẹ, wàá yó, á sì ṣẹ́ kù fún ọ̀la. Kì í ṣe pé àánú rẹ ṣe mí o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá fíríìjì yẹn mọṣẹ́ tó àpótí mi ni. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwa méjèèjì ń bọ̀ wá bá ọ. Ìyá rẹ á gbé ìkòkò, èmi á ru àpótí lẹ́búlẹ́bú pákó mi sí àárín orí, níbi tí irun kò ti hù.

Èmi ni,
Bàbá rẹ