Ìsinmi Ọjọ́ Mọ́kànlélógún Tí N Kò Lò

Àbúrò mi,

Oúnjẹ rẹ wà nínú ìkòkò, gbé e kaná kí o tó jẹ ẹ́. Má pè mí, ẹkún ò ní jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀.

Mo fi iléeṣẹ́ aránṣọ sílẹ̀ láàárọ̀ yìí. Láti ìgbà tí Màámi ti kú, ara mi ò gba ibẹ̀ mọ́. Ọ̀gá ní ìsinmi tí n kò lò ti wọgbó nìyẹn, torí èmi fúnra mi ni mo kọ̀wé pé mò ń lọ. Mo ṣí ìwé àdéhùn wa síwájú rẹ̀, mo fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ gbowó ìsinmi tó ṣẹ́ kù. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ló bá fọwọ́ sí owó náà.

Akọ̀wé tó ń ṣírò owó náà wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń tọ́jú gbogbo ìsinmi yìí dè?"

Mo ká ìwé àdéhùn náà, mo jáde. Màámi ni mo ń tọ́jú ẹ̀ dè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí n wá bá àwọn ní ilé ìwòsàn, mo ní ó di ìparí oṣù.

Mo ti lọ síbi ibojì wọn. Má bínú pé ìwọ nìkan lo di ọwọ́ wọn mú lọ́jọ́ tí wọ́n lọ. Mi ò tíì lè sọ ọ́ lójú rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.