Wẹ́bùsáìtì Tó Kọ́kọ́ Ń Kí Alága

Ajé, 22 Oṣù Kẹsàn-án 2025
Mo ti di ọ̀gá. Oṣù méjì péré ní kíláàsì kọ̀ǹpútà ní Kétu, ẹgbẹ́ onílé kan ní Ajégúnlẹ̀ ti ní kí n wá kọ́ wẹ́bùsáìtì fún àwọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju ọ̀kan lọ: bí odò bá fẹ́ kún, kéèyàn ṣí i lórí fóònù, kó mọ̀ bóyá kóun kó ẹrù. Alága wọn, Daddy Akínbíyì, ní kí àwòrán inú rẹ̀ máa rìn, kó máa kọrin. Nínú ìwé yìí, Alága Àgbáyé ni wọ́n ń jẹ́.

Ọjọ́rú, 24
Mo ya ètò rẹ̀ sórí páálí bí tíṣà ṣe kọ́ wa. Ojú ìwé kìíní, ìkéde omi. Èkejì, ọ̀nà tí èèyàn máa gbà jáde, pẹ̀lú àwòrán ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń lọ. Ẹ̀kẹta, fídíò. Aunty Clara, àbúrò màmá mi, wò ó. Ajégúnlẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ti ń ránṣọ, máṣíìnì mẹ́rin nísàlẹ̀ ilé. Wọ́n ní ó yé àwọn, àwọn tí àwọn ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà. Inú mi dùn gan-an.

Ẹtì, 26
Ìpàdé. Alága Àgbáyé wo páálí mi títí — "Dàmọ́lá, ṣé o ò ní home training ni? Wàá kàn já lu ọ̀rọ̀ láì kí àwọn àgbà? Protocol ńkọ́?" Nítorí náà, kí àwòrán Alága kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú orin, kí igbákejì tẹ̀ lé e, akọ̀wé, akápò, ìyá ẹgbẹ́... èèyàn mọ́kànlá. Kò gbọdọ̀ sí bọ́tìnì tí èèyàn á fi fò wọ́n, àrífín ni. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Èmi tí mo lẹ́nu nílé! Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mọ́kànlá ló wà lọ́jà yìí, orí wẹ́bùsáìtì mi sì ti wọ́ bàjẹ́.

Ìṣẹ́gun, 30
Igbákejì ń bínú: àwòrán akápò tóbi ju tòun lọ. Mo ti tún un ṣe.

Ẹtì, 3 Oṣù Kẹwàá
Ayẹyẹ ìṣíṣí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko kí ọ̀rọ̀ omi tó yọjú. Mo rí i. Mo mọ̀ pé kò dáa. Mo pàtẹ́wọ́, mo jẹ ìrẹsì wọn.

Ìṣẹ́gun, 7
Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo fi ìkéde síbẹ̀: omi ń bọ̀, ẹ kó ẹrù sókè. Aunty Clara ṣí i lójú ẹsẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já nígbà tó kan akápò, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ látorí Alága. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìgbà tí wọ́n fi máa ka ìkéde, omi ti wọlé. Máṣíìnì kan ṣoṣo ni wọ́n rí gbé.
Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Dìde jàre. Mo rò pé ó yẹ kéèyàn gbọ́ ìkíni tán ni." Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Mo sunkún.

Ọjọ́rú, 8
Alága Àgbáyé pè: kí n fi àwòrán ibi tí wọ́n ti ń bá àwọn tí omi ṣe lọ́ṣẹ́ kẹ́dùn síwájú, pẹ̀lú orin ìtùnú. Mo ní mo ti gbọ́.
Mo pa gbogbo mọ́kànlá rẹ́, tàwòrán torin wọn. Ó ku gbólóhùn kan: Omi ṣì ń bọ̀, ẹ má tíì sọ̀ kalẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí Aunty Clara. Ojú ìwé náà ṣí kíá.
Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni Alága pè. Mo gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá.
"Ta ló ní kí wọ́n yọ wá?"
Mo ní, "Èmi ni, sà."