Iṣu Tí Omi Kò Wọ̀

Ẹ kú ilé o, Màmá mi, ẹ sì kú àárò mi. Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin àti Bàbá láti Ìsọlọ̀ níbí.

Láràárọ̀, mo máa ń gbé garawa lọ síbi omi ẹ̀rọ ní Jakande tí mo ń gbé. Tó bá kún, mo máa ń fi ọ̀rá bo ojú omi náà kó má baà dà, kí n tó rù ú gun àtẹ̀gùn. Àwọn tí mo ń pàdé lórí àtẹ̀gùn kò mọ orúkọ mi. Ìyá Kudi nìkan, tó ń ta aṣọ ní ọjà Aswani, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ wa ní ká fi iṣu tútù wo bí omi ṣe ń wọ inú ohun alààyè. A ó gbẹ́ iṣu bí ife, a ó da omi ṣúgà sí i, a ó sì gbé e sínú abọ́ omi. Awọ tín-ín-rín ló yí sẹ́ẹ̀lì iṣu ká. Ó ń jẹ́ kí omi kọjá, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ṣúgà jáde bọ̀rọ̀. Omi ìta á máa wọlé lọ bá ṣúgà, ife iṣu á sì máa kún. Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe é, èmi ni wọ́n ní kí n mú iṣu wá. Inú mi dùn, torí wọn kì í pè mí sí nǹkan kan.

Lánàá, mo gbẹ́ iṣu náà, mo fi í sí ilé ìdáná tí a jọ ń lò. Kí n tó wẹ̀ tán, Ìyá Kudi ti sè é. Ó ní ṣé ewúrẹ́ ni mí tí mo fẹ́ gbé iṣu tútù lọ sílé ìwé. Ojú tì mí láti ṣàlàyé. Mo dúpẹ́, mo sì gbé iṣu sísè náà lọ sílé ìwé, mo rò pé kò ní ṣe nǹkan.

Títí di ọ̀sán òní, omi kò gòkè nínú tiwa. Ọ̀kan nínú wa ní ata àti epo nìkan ló kù. Mo mọ ìdí rẹ̀: iná ti pa awọ yẹn, kò lè dá ṣúgà dúró mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ bi wá, mo kàn ń da omi abọ́ náà nù. Ó ní ká tún un ṣe lọ́la, kí èmi tí mo mú iṣu wá ṣàlàyé níwájú gbogbo kíláàsì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní gba máàkì.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Kudi bi mí bóyá àwọn ọ̀rẹ́ mi gbádùn iṣu. Mo ní wọ́n ní kí n bá àwọn kí i.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, látorí Ìyá Àgbà dórí ọmọ ọwọ́. Ọlọ́run á dá yín sí fún mi, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́.

Lọ́la, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, màá kan ilẹ̀kùn Ìyá Kudi. N ò tíì kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni rí níbí. Màá jẹ́wọ́ fún un pé ẹnì kankan kò jẹ iṣu náà, màá sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ títí á fi yé e, kí n tó lọ ṣàlàyé ní kíláàsì.

Ọmọ yín,
Rukayat