Wọ́n Ní Kí N Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì Kí N Tó Jẹun

Zubaida ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé níbi gbogbo tí o bá wà. Ṣé dáadáa ni ìwọ àti ọkọ rẹ wà? Ṣé ikọ́ ti fi ọmọ sílẹ̀? Mo ń bẹ Ọlọ́run kí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí ò ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù yẹn máa gbé ọ jáde bó ṣe ń gbé ọ wọlé. Àwa náà wà ní Thornbeck níbí, òjò ń pa wá, a ń dúpẹ́. Màmá rẹ kí ọ. Orúnkún mi náà kí ọ, torí òun ló ń bá mi sọ̀rọ̀ jù nínú ilé yìí.

Mo mọ̀ pé o ní kí n máa fi fóònù kọ̀wé sí ọ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo kọ ọ́ pé àárò rẹ ń sọ mí, pé mo fẹ́ràn rẹ, ni ìwé náà bá lọ bá ọkùnrin tó ta káàpẹ́ẹ̀tì fún wa. Ó dá mi lóhùn pé òun náà fẹ́ràn mi, pé ìgbà wo ni mo fẹ́ kí òun wá wọn yàrá. Látìgbà náà ni mo ti padà sórí bébà.

O mọ̀ pé ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti kógbá wọlé. Láti ìgbà tí mo ti dé orílẹ̀-èdè yìí, ibẹ̀ ni mo ti ń kan ìṣó, tí mo ń rán etí fóòmù, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni bi mí pé Gẹ̀ẹ́sì mi dà. Ará Mirpur, ìlú wa nílé lọ́hùn-ún, ni gbogbo wa níbẹ̀. Derek tó jẹ́ ọ̀gá wa, òyìnbó pọ́ńbélé, òun gan-an ló kọ́ èdè wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èébú nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ délẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́, mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fún àwọn tí kò níṣẹ́ lówó oúnjẹ, wọ́n sì gbà mí. Àfi bí wọ́n ṣe pè mí padà pé àjèjì tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ lọ kọ́ ọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn yóò dá owó rẹ̀ dúró. Àjèjì! Èmi tí gbogbo eyín mi ká sí ìlú yìí tán!

Mehrban bhai, ọ̀rẹ́ mi, ní ìwọ̀sí gbáà ni. Ó ní nígbà tí àwọn òyìnbó wá jókòó lé bàbá bàbá wa lórí, èdè wa wo ni wọ́n kọ́ kí wọ́n tó jẹun? Mo ní o ṣeun, ó kù kí o lọ sọ ọ́ fún wọn. Ó ní òun ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo délé, mo sọ ọ́ fún Màmá rẹ, mo rò pé yóò bá mi bínú sí wọn. Ìyẹn ò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí búrẹ́dì róótì tó ń dín. Ó ní owó tí mò ń gbà, àwọn tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ ló ń dá a, bí wọ́n bá ní kí n kọ́ ohun tí yóò jẹ́ kí n tún rí iṣẹ́, kí ló kan ìwọ̀sí? Ó ní òun ló ti ń tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà láti ọjọ́ yìí, òun ló ń sọ ọ̀rọ̀ jẹ̀díjẹ̀dí mi lójú gbogbo nọ́ọ̀sì, ó sì ti sú òun.

Ni mo bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà ní Gẹ̀ẹ́sì, Zubaida. Èmi alára! Mo wẹ̀, mo wọ kóòtù tí mo wọ̀ níbi ìgbéyàwó rẹ. Obìnrin ibẹ̀ ní àyè ti kún, kí n padà wá lẹ́yìn ọdún tuntun. Mo pe ọ́fíìsì kí n lè sọ fún wọn. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù nini, ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bi í léèrè ọkọ àti ọmọ, ló bá gbé orin sí i fún mi. Ó tún padà dé, ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ló sọ, mo tún dúpẹ́. Màmá rẹ ní ẹ̀rọ ni. Mo ní ẹ̀rọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé tó báyìí, ó sàn ju èèyàn ibẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò gba iṣẹ́ tí mo rán an. Nígbà tí ọjọ́ owó pé, wọn ò san nǹkan kan. Wọ́n ní mi ò lọ sí kíláàsì.

Màmá rẹ bá sọ ilé ìdáná di ilé ẹ̀kọ́. Bí mi ò bá fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè, mi ò ní jẹun. Mo béèrè iyọ̀, ó gbé ṣúgà fún mi torí pé ohun tí mo pè nìyẹn, ó sì dúró tì mí títí mo fi bù ú sí ọbẹ̀ dáàlì mi. Irú ìyà wo nìyí lọ́jọ́ ogbó?

Ìbínú ló gbé mi dé ọ́fíìsì wọn. Ta ni mo bá lórí ìjókòó? Sumaira, ọmọ Yaqub alápatà, tí mo gbé pọ̀n ní kékeré! Inú mi dùn, mo fi èdè wa kí i. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Ó pè mí ní Chacha bí àbúrò bàbá rẹ̀, ó ní ẹ má bínú, òfin ni, àwọn yóò pe ògbufọ̀ lórí fóònù fún mi. Wọ́n pè é, ọkùnrin náà kí mi ní sàláámà, mo dáhùn, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àṣé ọmọ Bẹ̀ngálì ni! Òun ò gbọ́ mi, èmi ò gbọ́ ọ. A tún kí ara wa ní sàláámà, ó lọ.

Mo dìde. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, Gẹ̀ẹ́sì ló ń bọ́ lẹ́nu mi! Mo ní ẹ ní kí n lọ kẹ́kọ̀ọ́, mo lọ. Mo ní wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, ẹ̀yin sì ní ebi ni kó pa mí torí pé mi ò wọlé. Mo ní bẹ́ẹ̀dì tí ìwọ Sumaira ń sùn lé, bóyá èmi ni mo kàn án, kí o bi ẹ̀yìn ara rẹ léèrè bóyá mo ṣe é dáadáa. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti tán, mo fi èébú Derek dí i. Sumaira nìkan ni èébú náà yé, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó wá ní Chacha, Gẹ̀ẹ́sì yín ti tó, ẹ ò nílò kíláàsì kankan mọ́. Ó tẹ nǹkan nínú kọ̀ǹpútà, ó ní owó mi yóò padà, òun sì ti yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó gbọ́dọ̀ lọ kẹ́kọ̀ọ́.

Mo jáde bí ọba. Ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì ni mo ti rí Derek, ó dá jókòó, kò bú mi. Ó ní Jean ìyàwó òun ti kú. Zubaida, mo lanu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ti kó gbogbo Gẹ̀ẹ́sì ìjà jáde lọ́dọ̀ Sumaira, kò sí ti ìtùnú nínú rẹ̀. Òun náà ń wá ọ̀rọ̀ nínú èdè wa, èébú ló rí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, bóyá nípa bí wọ́n ṣe pàdé ni, bóyá nípa ìrora rẹ̀, mi ò mọ̀, mo sáà ń mi orí. Bọ́ọ̀sì wá, ó lọ, a jókòó síbẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni mo padà sílé ẹ̀kọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n dá orúkọ mi padà sára àwọn tó ń dúró de àyè. Wọ́n ní tí kì í bá ṣe ìjọba ló fi túláàsì rán mi wá, èmi ni n ó san owó rẹ̀. Ṣé o rí ayé mi? Nígbà tí mi ò fẹ́, ọ̀fẹ́ ni, ebi ni wọ́n fi ń lé mi síbẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, jọ̀ọ́, fi ohun tí agbára rẹ bá ká ránṣẹ́. Má sọ fún Màmá rẹ, torí ó rò pé òun nìkan ni tíṣà mi, kí n má baà tún jẹ ṣúgà. Ọlọ́run yóò bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ojú rẹ kò ní rí ìbànújẹ́, ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú wa. Tí o bá pè lọ́jọ́ Ẹtì, kọ́ mi ní ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú. Rọra sọ ọ́, má sì rẹ́rìn-ín tí mo bá ṣì í pè.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ghulam Sarwar