Òwú Tí Ọkọ Mi Ń Lọ Rà

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú ètò orí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àfaradà ẹjọ́ wa. Àdúgbò Houinmè ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ pè mí ní Sakinath, kì í ṣe orúkọ mi.

Aránṣọ ni ọkọ mi, èmi ń tajà ní ọjà Kraké. Wọ́n jí alùpùpù aládùúgbò wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ni àwọn ọlọ́pàá bá wá mú ọkọ mi. Mo tẹ̀ lé wọn dé kọmisáríà, àgọ́ wọn. Wọ́n bi í pé níbo ló wà lọ́sàn-án yẹn. Ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wojú mi, ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Òfin fún mi láyè láti dákẹ́. Màá dákẹ́."

Háà! Mo ní ọ̀dọ̀ obìnrin kan ló wà. Mo sunkún lọ bá ìyá mi. Wọ́n fọwọ́ wá orí mi kàn, wọ́n ní, "Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Òun ló ń bá mi kán oògùn sójú. Ojú mi ti fẹ́ lọ tán. Èmi ni mo ní kó má sọ fún ẹ, kí o má baà torí mi pa ọjà rẹ tì."

Kí n tó padà dé kọmisáríà, ọwọ́ ti tẹ olè náà, wọ́n ti fi ọkọ mi sílẹ̀.

Títí dòní, lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ sọ́jà, tó bá di ọ̀sán, á ní òun ń lọ ra òwú. Kò mú òwú kankan bọ̀ rí. Màá ní kó má pẹ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n sọ fún un pé mo ti mọ̀ ni, àbí òfin fún èmi náà láyè láti dákẹ́?