Ẹ Bá Mi Dé Ọ̀dọ̀ Ìyá Festus

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Fúnkẹ́,

Mo kí yín, mo kí Bàbá wa àti àwọn ọmọ. Ibà tó ń ṣe Tiwátọ́pẹ́ ọmọ mi ti lọ. Mọ́tò wa ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Apo, ní Àbújá níbí.

Festus, ọmọ kíláàsì mi, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí, kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àwa ẹgbẹ́ sin ín lánàá ní Jikwoyi. A ò tíì sọ fún ìyá rẹ̀ tó wà nílé lọ́dọ̀ yín, nítorí a ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lórí fóònù.

Ìyàwó rẹ̀ gbé fóònù rẹ̀ fún mi pé òun ò lè máa gbọ́ bó ṣe ń dún. Láàárọ̀ yìí, ó dún, mo gbé e láìronú; ìyá rẹ̀ ló ń pè.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Festus, ohùn ẹ há. Ṣé o ti jẹun?"

Mi ò lè sọ pé èmi kọ́. Mo ní mo ti jẹun. Ó ṣàdúrà pé èmi ni n ó sin òun. Mo ṣe àmín.

Ó ní òun á tún pè lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀yin àti Pásítọ̀ tètè lọ bá a. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo dá a lóhùn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ fọmọ ṣọ̀fọ̀.

Àbúrò yín,
Káyọ̀dé