Ebè Ọpẹ́ Màmá Zipporah Dáramọ́lá (1949–2025)

Ìwárò ní Ọ̀kà Àkókó ni orírun Màmá Zipporah Dáramọ́lá. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 1949 ni a bí wọn sínú ìdílé Abọ́dẹrìn, ìdílé tí a mọ̀ mọ́ iṣu gbígbìn àti orin ìjọ. Olóògbé Clement Abọ́dẹrìn ni bàbá wọn, àgbẹ̀ tí kì í pẹ́ dé oko, tí kì í sì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Olóògbé Eunice, ọmọ bíbí Ìkun Àkókó, ni ìyá wọn. Màmá ni ọmọ kẹta nínú ọmọ márùn-ún.

Ilẹ̀ Ọ̀kà kì í ṣe ilẹ̀ ọ̀lẹ. Àárín àpáta ni wọ́n ti ń wá ibi tí wọn yóò kọ ebè sí, ọwọ́ ẹnì kan kò sì ká a. Ìdí nìyí tí Bàbá Clement fi wà nínú ẹgbẹ́ àáró pẹ̀lú ọkùnrin márùn-ún: bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ ní oko ẹni yìí lónìí, oko ẹlòmíràn ló kàn lọ́la. Ní ọdún 1959, ejò ṣán Bàbá Clement lẹ́sẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ oko ń wọra, wọn kò sì lè di ọkọ́ mú títí àkókò ìgbìn fi kọjá. Àwọn ọkùnrin márùn-ún náà wá sí oko Bàbá Clement síbẹ̀. Nígbà tí ó kan oko àwọn yòókù, wọ́n tún pín ipa ti Bàbá Clement láàárín ara wọn, wọ́n kọ ọ́. Màmá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ń gbé omi mímu fún wọn. Màmá ní ohun tó ya àwọn lẹ́nu ni pé kò sí ẹni tó mẹ́nu kan oore náà lẹ́yìn ọjọ́ náà. Wọ́n kọ ebè, wọ́n mu omi, wọ́n lọ sílé. Àwọn ọmọ Màmá gbọ́ ìtàn yìí títí ó fi sú wọn, wọn kò mọ̀ pé yóò wúlò fún wọn lọ́jọ́ kan.

Màmá parí ìwé mẹ́fà ní Ọ̀kà ní ọdún 1963, wọ́n sì lo ọdún mẹ́ta ní ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ìkàrẹ́. Àwọn ará Ìkàrẹ́ fi ohùn Ọ̀kà ẹnu wọn ṣe yẹ̀yẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n Màmá kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Títí tí wọ́n fi papòdà, bí inú bá bí Màmá, ohùn Ọ̀kà ni wọ́n fi ń bínú. Àmì tí àwọn ọmọ fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sá nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá ọdún 1973, Màmá ṣe ìgbéyàwó mímọ́ pẹ̀lú Olóògbé Jesse Dáramọ́lá, tíṣà, ọmọ Ìkàrẹ́. Ìgbéyàwó náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta nígbà tí àṣà kan fìdí múlẹ̀ nínú ilé wọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọbẹ̀ kan wà tí kò ní ẹran, tí kò ní ẹja. Bàbá Jesse wo inú àwo, wọ́n la ẹnu láti ráhùn. Màmá ní kò burú, àwọn yóò gbọ́ ìráhùn náà, ṣùgbọ́n kí àwọn kọ́kọ́ dúpẹ́ ohun kan ná. Bàbá Jesse ronú títí, wọ́n dúpẹ́ fún ata. Nígbà tí wọn yóò fi dúpẹ́ tán, ẹ̀rín ti gba ẹnu wọn, ìráhùn kò sì ráyè mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti di òfin ní ilé Dáramọ́lá pé lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan oúnjẹ, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ dúpẹ́ ohun kan lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohun náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọjọ́ náà. Ẹni tó bá tún ti àná sọ, Màmá yóò ní kí ó lọ wá òmíràn wá, oúnjẹ àná kọ́ ni àwọn fẹ́ jẹ. Nígbà tí ó bá kárí gbogbo ilé, Màmá yóò fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni pé ó tó, kí a jẹun. Olúwa fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Fúnminíyì ní ọdún 1975, Dayọ̀ ní 1978, àti Zacchaeus ní 1982. Zacchaeus dúpẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé tíṣà ìṣirò kò wá, ó gbàgbé pé bàbá òun ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n Fúnminíyì ni ọpẹ́ náà mọ́ lára jù. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ó dúpẹ́ fún òórùn ilẹ̀ nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Màmá kò gbàgbé ọpẹ́ yẹn láé.

Iṣẹ́ aránṣọ ni Màmá fi tọ́ ọmọ, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni wọ́n sì mọ̀ jù. Ìṣẹ́tí tí wọ́n ń fi sílẹ̀ nínú aṣọ máa ń fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ yóò fi ga títí, tí wọn yóò máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn aránṣọ ẹlẹgbẹ́ wọn ní Màmá ń lé oníbàárà lọ fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n sì ti di ọ̀gá káàkiri Ìkàrẹ́, Ìfira àti Ìṣùà. Aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, Màmá ló rán an fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Ìtàn tó kàn yìí, ìwé ìsìnkú kì í sábà sọ irú rẹ̀. Màmá ló pàṣẹ pé kí a kọ ọ́. Wọ́n ní kí a má fi àwọn ṣe áńgẹ́lì lórí ìwé, nítorí àwọn tó mọ àwọn yóò wà níjókòó.

Fúnminíyì lọ sílé ọkọ ní Ìṣùà ní ọdún 2001, ó ń ṣe tíṣà níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wojú Olúwa kí ó tó bí ọmọkùnrin ní oṣù kẹjọ ọdún 2007. Màmá rán aṣọ kékeré mẹ́jọ. Ọmọ náà wọ mẹ́ta nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, nígbà tí ìkómọ ku ọjọ́ méjì, ó padà sọ́dọ̀ Ẹni tó fi í ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Fúnminíyì wá sí Ìkàrẹ́ kí ó lè sinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó dé, wọ́n gbàdúrà, Bàbá Jesse dúpẹ́ tiwọn, ó sì kan Fúnminíyì. Gbogbo ilé dúró dè é, ọbẹ̀ ń tutù. Màmá wá sọ ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. “Fúnminíyì, omi ló dànù, agbè kò fọ́. Dúpẹ́ pé agbè kò fọ́.”

Wọn kò sọ ọ́ pẹ̀lú èrò ibi. Bí a bá fẹ́ sòótọ́, kò sí ẹni tó wà níjókòó lọ́jọ́ náà tí kì bá sọ bẹ́ẹ̀. Fúnminíyì gbé ojú sókè. “Màmá, mo ti sọ omi náà lórúkọ.” Ó dìde, kò jẹun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó wọ mọ́tò, ó padà sí Ìṣùà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tẹ ilé náà mọ́ fún ọdún kan àti oṣù méje.

Ìkàrẹ́ sí Ìṣùà kò jìnnà, ṣùgbọ́n ó di ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò lè rìn. Màmá fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti sé ọkàn rẹ̀ le sí Ọlọ́run. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí Bàbá Jesse bá dúpẹ́ tán, ilé yóò dákẹ́ díẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó kan àkọ́bí, kí Zacchaeus, tó ṣì ń gbé nílé, tó dúpẹ́ tirẹ̀.

Alhaja Safinat, alábàágbé wọn, ló la Màmá lójú. Alhaja ti ń bá wọn jókòó níbi oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ láti ìgbà pípẹ́, àwọn náà a sì máa dúpẹ́ tiwọn fún Ọlọ́run kí wọ́n tó gba àwo. Ní ọjọ́ kan, níbi tí Màmá ti ń ráhùn ọmọ wọn, Alhaja dá wọn dúró. “Zipporah, ọpẹ́ tí a bá fi ipá gbà lọ́wọ́ èèyàn, owó-orí ni.”

Ohùn Ọ̀kà ni Màmá fi dá wọn lóhùn, wọn kò sì kí Alhaja fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Màmá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí oko bàbá wọn sọ sí wọn lọ́kàn. Ọkùnrin márùn-ún kọ ebè aláìsàn, kò sì sí ẹni tó ní kí ó dìde, pé ó ṣáà ní ẹsẹ̀ kan tí ejò kò ṣán. Màmá pa ẹ̀rọ tì. Wọ́n sunkún níbẹ̀ lójú àwọn ọmọ iṣẹ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 2009, Màmá lọ sí Ìṣùà. Wọn kò mú pásítọ̀ lọ́wọ́, wọn kò di ẹrù. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Fúnminíyì gbé omi wá fún wọn, ó kúnlẹ̀ bí a ti kọ́ ọ. Màmá kò mu omi náà. Wọ́n ní, “Kí ni orúkọ ọmọ wa?”

Fúnminíyì dáhùn. “Ọpẹ́yẹmí ni.”

Inú ilé tí wọ́n ti ń dúpẹ́ fún ata ni Fúnminíyì ti rí orúkọ náà mú lọ. Màmá dìde lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n bí. Fúnminíyì dì wọ́n mú kí orúnkún wọn tó kan ilẹ̀, àwọn méjèèjì sì sunkún ọmọ náà pa pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní Àjíǹde ọdún náà, Fúnminíyì wá sílé, Màmá sì tún òfin ilé ṣe. Ẹni tí kò bá ní ọpẹ́ lẹ́nu yóò sọ pé, “Ẹ bá mi kọ ebè mi lónìí.” Ẹni tó jókòó tì í yóò dúpẹ́ fún un, a kò sì ní béèrè ìdí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Fúnminíyì sọ ọ́, Màmá sì dúpẹ́ fún ọjọ́ mẹ́fà tí Ọpẹ́yẹmí lò nínú ìdílé wọn. Wọ́n lu tábìlì, Fúnminíyì jẹun. Ó lé ní ọdún kan kí ó tó tún kọ ebè tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Òjò ló rọ̀ lọ́jọ́ náà, òórùn ilẹ̀ ló sì dúpẹ́ fún.

Ní ọdún 2011, Olúwa fi Success ta Fúnminíyì lọ́rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé Success ni ó rọ́pò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Màmá yóò ní kò rọ́pò ẹnikẹ́ni, àyè tirẹ̀ ló wá gbà. Màmá gbé àṣà ebè náà dé Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá nínú ìjọ. Ní ọjọ́ Ìkórè, nígbà tí wọ́n bá pe ìdílé kọ̀ọ̀kan jó dé iwájú pẹpẹ, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lè jókòó, Màmá yóò gbé ọrẹ rẹ̀, wọn yóò bá a jó o. Nígbà tí Bàbá Jesse papòdà ní ọdún 2016, Màmá fúnra wọn ní kí a bá àwọn kọ ebè àwọn. Ogójì ọjọ́ ni àwọn ọmọ fi kọ ọ́.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá, ó sì gba ohùn lẹ́nu wọn. Fúnminíyì kó wá láti Ìṣùà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń gbàdúrà yí ibùsùn Màmá ká, nígbà tí ó bá sì kan Màmá, Fúnminíyì a ní, “Ebè Màmá, èmi ni mo ń kọ ọ́.” Kò tún ọpẹ́ kan sọ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó mọ ẹni tó ń gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2025, ó dúpẹ́ pé ìyá òun jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì béèrè orúkọ. Màmá gbé ọwọ́ ọ̀tún tó ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n fi lu ibùsùn lẹ́ẹ̀kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Màmá sùn nínú Olúwa, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin.

Àwọn tí Màmá fi sáyé lọ ni àwọn ọmọ: Fúnminíyì, Dayọ̀ àti Zacchaeus, pẹ̀lú ọkọ àti àwọn aya wọn, àbúrò wọn kan ní Ọ̀kà, àti Alhaja Safinat, ọ̀rẹ́ tó sọ òótọ́. Ọmọ-ọmọ Màmá jẹ́ mẹ́fà. Bí ẹnikẹ́ni bá ka márùn-ún níbí lónìí, kí ó tún un kà, nítorí Ọpẹ́yẹmí ni àkọ́kọ́, òun ló sì wà ní ẹnu ọ̀nà láti pàdé wọn.

Ó yẹ kí ẹbí dúpẹ́ dáadáa níbí, lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wá láti Ọ̀kà, Ìkun, Ìṣùà àti gbogbo Àkókó. Ṣùgbọ́n ilé Màmá kì í purọ́ ọpẹ́, ẹnu ẹbí sì wúwo lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tó jókòó tì wọ́n, ẹ bá ìdílé Dáramọ́lá kọ ebè wọn.

Sùn re o, Màmá Zipporah. Ọpẹ́ tòní ti dé ọ̀dọ̀ Ẹni tó ni ín.